Òkúta Bàbá Wa Kò Pé Mọ́

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Akínbọ̀ọ̀ṣẹ́,
Agége, Èkó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Suara ọmọ oníwọ̀n,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí oko. Báwo ni orúnkún rẹ tí ọyẹ́ máa ń mú? Ìyá Uswat ńkọ́, ṣé ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń ríran dé ẹnu ọ̀nà báyìí? Mo gbọ́ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ yín. Àwa náà ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ní ìjọ wa, ebi kan náà ló ń pa wá, ọ̀nà ló yàtọ̀. Ara mi le, bí a bá yọ ti oorun kúrò. Oorun kì í kùn mí mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ kan, ohun tó sì fà á ni mo fi ní kí wọ́n bá mi kọ ìwé yìí.

Damaris, ayálégbé mi tó ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ló ń bá mi kọ ọ́. O mọ̀ pé ọwọ́ mi kò di kálámù mú rí, ọkọ́ ló mọ̀. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù torí pé kí ìwọ tó gbọ́ ohun tí mo sọ, gbogbo àdúgbò mi yóò ti gbọ́. Uswat ọmọ mi, ìwọ tí yóò ka ìwé yìí fún bàbá rẹ, jọ̀wọ́, mú un lọ sí oko kí o tó kà á. Bí o bá kà á nílé, bí o ti máa pariwo sí i létí, Déolú àbúrò mi yóò gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé tiwa, kò sì tíì yẹ kó gbọ́.

Suara, òkúta bàbá wa kò pé mọ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn mi tó yí padà.

Ìwọ lo kọ́kọ́ fọwọ́ kan òkúta náà lọ́jọ́ tó já bọ́. À ń lé ẹyẹ nínú oko bàbá mi nígbà tí ojú ọ̀run dún bí ẹni pé lọ́rì ń já láti orí afárá, bẹ́ẹ̀ lọ́rì kankan kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Èmi sá. Ìwọ lọ wo ebè iṣu tó là sí méjì, o fọwọ́ kan ohun dúdú tó wà nínú rẹ̀, o sì ní kò gbóná. Bàbá mi nà wá lọ́jọ́ náà. Ó nà ọ́ torí pé o fọwọ́ kàn án, ó nà mí torí pé mo sá fi ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí bàbá gbé e délé, ìyá Déolú, ìyàwó rẹ̀ kejì, gbé e wò. Ó ní òkúta kékeré tó wúwo tó báyìí, orí àpò ẹ̀gẹ́ ló yẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá rin. Omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lára rẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún, títí ìyá náà fi di àgbà tó kú. Gbogbo gaàrí tí ìwọ náà jẹ nílé wa, abẹ́ òkúta yẹn ló ti jáde.

Lẹ́yìn tí bàbá kú, ẹ̀yìnkùlé ló wà, adìẹ ń ṣu sí i, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Àfi ní èṣí, tí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ́ni nípa òkúta ní yunifásítì wá síbi ìsìnkú lábúlé, tó yọ òòfà kékeré kan lápò, tí òòfà náà sì lẹ̀ mọ́ òkúta wa pin-pin. Ó ní irin ni, irin tó wá láti òfúrufú, kò wọ́pọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tí a kò mọ̀ rí ti ń yà wá kí wa. Àwa ọmọ bàbá kan náà wá ń wo ara wa níwòkuwò. Èmi ń bẹ̀rù pé Déolú yóò tà á torí pé òun ló ń gbé ilé. Déolú ń bẹ̀rù pé èmi yóò tà á torí pé Èkó ni mò ń gbé. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a pín in, kí ẹ̀rù tó di ìjà.

O wà níbẹ̀ nígbà tí Adébísọ́lá, ọmọ ìyá mi, ní kí a pín in ní ìdí-igi: ìdajì fún ilé ìyá tiwa, ìdajì fún ilé ìyá Déolú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn ì bá gé e. Èmi ni mo ní rárá. Àwa méjì ni ìyá wa bí, ìyá Déolú bí márùn-ún, mo sì ní kò dára kí ìpín tèmi ju ti ọmọ bàbá mi lọ torí pé ìyá rẹ̀ bímọ ju ìyá mi. Mo ní orí ò jorí ni, ọ̀nà méje. Ohun tí Adébísọ́lá sọ sí mi lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò létí mi: “Bùọ̀dá mi, òkúta yìí ṣeé gé o. Orí tiyín ni kò sí ẹ̀rọ tó lè gé e.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ìwọ lo wọ̀n ọ́n, lórí òṣùwọ̀n tí bàbá rẹ fi ń ra ẹ̀kùrọ́. Kílò mọ́kànlélógún. Déolú, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, fi èédú kọ ọ́ sára ògiri ẹ̀yìnkùlé gàdàgbà. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti yọ. Mo ní bí a ṣe wọ̀n ọ́n lọ la ó ṣe wọ̀n ọ́n bọ̀, pé bí ó bá dín, kí wọ́n pè mí ní olè níwájú oórì bàbá mi. O fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Mo rò pé ẹ̀rín lò ń fún mi rín. Ìwọ tí o ti ń wọn ẹ̀kùrọ́ tútù àti gbígbẹ láti kékeré, o mọ ohun tí n kò fẹ́ mọ̀.

Nùréènì ni orúkọ ẹni tó ń bá wa gé e. Mábù àti òkúta ibojì ni iṣẹ́ rẹ̀ ní Orégùn, eruku sì ti sọ irun orí rẹ̀ di ewú kí ọjọ́ orí tó débẹ̀. Ó yí òkúta náà síwá sẹ́yìn, ó bi mí pé ọ̀nà mélòó. Mo ní méje. Ó ní, “Bàbá, ẹ gbọ́ o. Ẹ̀rọ mi yìí, ibi tó bá gbà kọjá, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn, ó sì nípọn ju ẹ̀yìn ọ̀bẹ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ó gé e kó tó di méje. Ẹ jẹ́ ká gé e sí méjì.” Mo ní mo ti ń gé iṣu kí wọ́n tó bí i, ọ̀bẹ kì í jẹ iṣu. Ó ní, “Òótọ́ ni, Bàbá. Ayùn ńkọ́? Ṣé kì í jẹ igi?” Suara, mo mọ̀ pé ayùn ń jẹ igi. Ìyẹ̀fun igi abẹ́ ayùn la jọ ń kó nígbà tí wọ́n ń la igi ìrókò lẹ́bàá odò. Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀ lójú ẹbí, mo sì ní kó gé e sí méje.

Láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán ló fi gé ẹyọ kan. Omi ń dà sí i, ẹ̀rọ ń ké, omi dúdú bí omi aró sì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Mo jókòó sórí garawa òróró tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mò ń jẹ ẹ̀pà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìkejì kí ó tó yé mi pé ohun tó sọ omi náà di dúdú kì í ṣe ìdọ̀tí. Òkúta bàbá mi ló ń ṣàn lọ. Mo figbe ta pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Nùréènì sáré pa á, ó ń wo ìka ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rò pé ó ti gé ẹnì kan. Mo ní kí wọ́n gbé ọpọ́n sábẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ti lọ.

Ìgbà tó gé e lẹ́ẹ̀kẹta ni ẹ̀rù tòótọ́ bà mí. Irin dídán ni mò ń retí nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí ni ipa pupa kan tó wọnú lọ bí ikán ṣe ń wọ igi. Nùréènì fi ìka tẹ ẹ́, ó ṣí lulẹ̀ ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ti dípẹtà. Ó bi mí pé ibo la tọ́jú rẹ̀ sí. Mo ní orí àpò ẹ̀gẹ́. Ó wò mí títí, ó ní, “Omi kíkan yẹn ti ń jẹ ẹ́ kí wọ́n tó bí mi, Bàbá. Èmi kàn ṣí ìdérí ni.”

Kò tán síbẹ̀. Mo ti ní kí ó dán ojú gbogbo wọn níwá lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní tòun rí ṣákaṣàka. Mo rò pé dídán jẹ́ ohun tí wọ́n ń kùn lé e, bí a ṣe ń kun bàtà. Àṣé ohun tí wọ́n ń yọ kúrò ni. Pépà oníyanrìn tó rí ṣákaṣàka bí ahọ́n màlúù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ha á, wọ́n á tún mú èyí tó rọ̀ jù ú lọ, wọ́n á tún mú òmíràn, eruku ń bọ́ nígbà gbogbo. Nígbà tí wọ́n parí ojú kan, Nùréènì kán ásíìdì díẹ̀ sí i, ó ní kí n wò ó. Ìlà yọ. Ìlà tín-ín-rín, wọ́n dábùú ara wọn bí ẹní tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n hun hun, bẹ́ẹ̀ kò sí ọwọ́ ènìyàn kankan tó dé inú òkúta náà rí. Ọdún tí ó fi wà lórí àpò ẹ̀gẹ́ wa, ohun tó gbé sínú nìyẹn. Inú mi dùn, mo fẹ́ kí o wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti gé e. Kílò mẹ́rìndínlógún ló kù. Ìdá mẹ́rin tó dọ́gba ti jáde. Èyí tó kù, tó yẹ kí ó di mẹ́ta, inú rẹ̀ ni ìpẹtà ti jẹ jù. Bí yóò bá dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù, kò lè ju méjì lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, àwa ọmọ sì jẹ́ méje. Mo ní kí Nùréènì dúró kí ó má tíì gbé ẹ̀rọ lé e.

Nígbà tí mo dé ilé, n kò lè jẹun. Damaris ló bi mí léèrè títí mo fi sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí télọ̀ tí wọn kò pè ní olè aṣọ rí, ìdí nìyẹn tí òun fi ń di gbogbo àjákù sínú ọ̀rá, tí òun ń fi lé olówó aṣọ lọ́wọ́, àní èyí tí kò tó bo bọ́tìnì. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ní ọjọ́ kejì mo padà sí Orégùn pẹ̀lú ọ̀rá àti ṣíbí. Mo kó ẹrẹ̀ inú ọpọ́n, mo ṣa gbogbo èèpo ìpẹtà, mo gbálẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ, mo sì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, èmi ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, mò ń fá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń kọjá dúró, ó ní, “Bàbá, kí lẹ sọnù?” Mo ní bàbá mi ni mò ń kó. Ó wò mí, ó wo gọ́tà, ó sáré kọjá sódì kejì.

Mo gbé ohun tí mo kó dé ọ̀dọ̀ Nùréènì, mo ní kí ó bá mi wọ̀n ọ́n mọ́ ìyókù kí ó lè pé. Ó ní kò lè pé láé. Ó ní eruku mábù àwọn ẹlòmíràn ti pò mọ́ ọn, iyanrìn ara ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, irin tó bá sì ti dípẹtà máa ń wúwo ju bó ṣe wà lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó lé ní mọ́kànlélógún. Ṣé o rí ibi tí mo wà báyìí? Bí ó bá dín, olè ni mí. Bí ó bá lé, wọ́n á ní mo ti fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀.

Déolú pè mí lánàá. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ara mi, kí ó tó pa fóònù ni ó ní, “Bùọ̀dá Reuben, ògiri ní kí n kí yín o.” Ó rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.

Ohun tó há mi lọ́rùn jù nìyí. Bí mo bá dìde ní ìpàdé ẹbí tí mo ní omi ẹ̀gẹ́ ìyá wọn ló jẹ òkúta bàbá, kí ni mo fi ń ṣe? Òkú ni mò ń rojọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kò ṣe mí níbi. Òun ló ń bu gaàrí gbígbóná sí mi lọ́wọ́ kí ó tó bù fún ọmọ tirẹ̀. Bàbá ní kí n dúró ti òun lóko, èmi náà sì ní mi ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan; àwọn àbúrò mi lọ, gaàrí abẹ́ òkúta náà ló sì rán wọn lọ. Gaàrí náà ló kọ́ Déolú ní ìwé tó fi kọ nǹkan sára ògiri. Mo ní kí Damaris pa ibi yìí rẹ́, ó ní òun ti kọ ọ́. Kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ má sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni.

Mo ti pinnu ohun kan. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Nùréènì yóò gé e ní ìgbà ìkẹyìn, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ó di mẹ́fà. Èmi kò gba òkúta. Ẹrẹ̀ àti èèpo inú ọ̀rá ni ìpín tèmi. Ẹnu mi ló ní kí wọ́n gé e lẹ́ẹ̀mẹfà, èyí tó bá sì ti lọ kò ṣeé pè padà. Ẹyọ gígé kan ló kù tí mo lè dá padà fún bàbá mi, ti ìpín tèmi ni. Adébísọ́lá yóò bínú. Kí ó bínú. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí mo bá ní n kò gba nǹkan kan, ṣé kì í ṣe ohun tí olè yóò ṣe náà nìyẹn?

Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́, Suara. Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, ni ìpàdé. Ìwọ dé ilé wa ní ọjọ́ Ẹtì, kí n tó dé. Gbé òṣùwọ̀n bàbá rẹ dání, òun gan-an, má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé òmíràn wá. Mú àpò ẹ̀gẹ́ kan tí Uswat ṣẹ̀ṣẹ̀ rin, kí o wọ̀n ọ́n lójú Déolú, kí Déolú fúnra rẹ̀ fi èédú kọ iye rẹ̀ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òkúta. Lẹ́yìn náà, gbé e síbi tí ìyá wọn máa ń gbé tirẹ̀ sí, to òkúta èyíkéyìí lé e lórí, kí o sì máa lọ sílé rẹ. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, sọ pé Reuben ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀, pé o mọ bí orí rẹ̀ ṣe le. Má ṣe àlàyé. Má dárúkọ ìyá ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kejì, kí a tó tú òkúta bàbá jáde, wọn àpò ẹ̀gẹ́ náà lójú gbogbo wọn. Bí ó bá ṣì pé iye tí Déolú kọ fún un sára ògiri lẹ́yìn tí omi rẹ̀ ti ṣàn mọ́jú, kí wọ́n pè mí ní olè níwájú oórì. Mo fọwọ́ sí i.

Bá mi kí Ìyá Uswat, kí ó má fi ọwọ́ ra ojú náà o. Kí gbogbo ará ìsàlẹ̀ odò, kí lèmọ́mù yín, kí o sì bá mi wo ẹsẹ̀ ọsàn tí mo gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ, bóyá ó ti so. Damaris ní òun kí ọ, bẹ́ẹ̀ kò rí ọ rí. Awakọ̀ kan nínú ìjọ wa tó ń bọ̀ lọ́nà Ìjẹ̀bú ni yóò gbé ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. Fún un ní omi bí kò bá gba ààwẹ̀.

Suara, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ọkàn kan ń sọ fún mi pé kí n fi òkúta rán Adébísọ́lá, kí n jókòó sí Agége, kí n ní ara mi kò yá. Ṣùgbọ́n n kò lè tún fi ìwọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú òkúta yìí. Bàbá mi ti nà mí nítorí èyí lẹ́ẹ̀kan. Mò ń bọ̀.

Èmi ni tìrẹ, tó sá lọ́jọ́ náà,

Reuben Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí.